Ṣé kí n yọ diode inú rédíò ham mi kí n tó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Houston ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, mo yege nínú ìdánwò Technician, ìpele àkọ́kọ́ nínú rédíò ham (rédíò àwọn tó ń fi ìgbì bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe nítorí owó). FCC, àjọ tó ń bójú tó rédíò ní Amẹ́ríkà, sì ti fún mi ní callsign, orúkọ tí mò ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Mo ra rédíò ọwọ́ kan níbí tó ń sọ̀rọ̀ láti 144 dé 148 MHz, àti láti 430 dé 450 MHz. Ní oṣù Kejìlá, mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà ni màá wálé sí Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé rédíò náà wá kí òun yọ diode kan, ẹ̀yà iná tíntìntín, nínú rẹ̀, pé yóò máa ṣiṣẹ́ káàkiri ayé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò ní ba rédíò jẹ́? Mo tún ti ra wọ́kì-tọ́kì kékeré méjì fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí diode yẹn wà níbi tó wà. Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ pé ó ṣeé yọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lè ṣe é kí ọjọ́ tó kanrí. Ṣùgbọ́n kò ní wúlò fún yín rárá lórí ìrìn-àjò yìí, nítorí ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Ìbàdàn kò sí nínú rédíò náà.

ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ rédíò. Amẹ́ríkà, ti àríwá àti ti gúúsù, ni ẹkùn kejì. Yúróòpù àti Áfíríkà jọ wà ní ẹkùn kìíní, nítorí náà Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Lọ́dọ̀ yín ní Houston, bándì mítà méjì àwa ham (àyè fíríkúẹ́ńsì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa) bẹ̀rẹ̀ láti 144, ó sì parí sí 148 MHz. Ní ẹkùn kìíní, 146 ló parí sí. Bándì kejì, tí wọ́n ń pè ní 70 cm, gùn láti 420 dé 450 ní Amẹ́ríkà. Ní Ìlú Ọba, 430 dé 440 ni. Ẹ wo rédíò tó wà lọ́wọ́ yín báyìí: gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló dé, ó tún fi púpọ̀ lé e. Ẹni tó ń kó láti ilé oníyàrá mẹ́rin lọ sí oníyàrá méjì kì í lọ ra àga kún àga. Ìṣòro tiyín ni pé rédíò náà yóò gbà kí ẹ tẹ bọ́tìnnì lórí 147 MHz nígbà tí òfin ibẹ̀ kò gbà.

Ká ní ẹ̀gbọ́n yín ló ń gbé rédíò tó rà ní Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wá bá yín ni, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀ díẹ̀. Rédíò tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù sábà máa ń dúró sí 146 àti 440, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ repeater Amẹ́ríkà (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn yín, tó sì ń tún un gbé jáde kó lè jìnnà) wà lókè ibẹ̀. Níbẹ̀, yíyọ diode ní ìdí. Síbẹ̀ náà, tí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n ra ti Amẹ́ríkà.

Kí wá ni diode yìí ń ṣe? Iléeṣẹ́ kì í ṣe bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀dù kan náà ni, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn diode tàbí jumper tíntìntín sí, àwọn kan wà, ààyè àwọn kan ṣófo. Bí ẹ bá tan rédíò, ọpọlọ yóò kọ́kọ́ wò wọ́n. Ibẹ̀ ló ti ń mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún, tí yóò sì mọ ibi tí kò ti gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀. Yọ ọ̀kan kúrò, ó di pé kò mọ ààlà mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ óò ní láti dá gbogbo ètò rẹ̀ padà sí bó ṣe ti iléeṣẹ́ jáde, gbogbo memory tí ẹ ti kó jọ yóò sì pòórá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe iṣẹ́ yìí ní MARS/CAP, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, tí wọ́n ń bá ológun àti Civil Air Patrol ṣiṣẹ́, ní fíríkúẹ́ńsì tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn ní ìta bándì ham. Ẹ kò sọ fún mi pé ẹ wà nínú wọn.

Ẹ bi mí bóyá kò ní ba rédíò jẹ́. Diode náà kéré gan-an, irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sì gbóná. Mo ti rí bọ́ọ̀dù tí ojú ibi tí wọ́n lẹ diode mọ́ ti bó kúrò pátápátá, tí rédíò kò sì mọ orílẹ̀-èdè kankan mọ́. Gàráǹtì náà ti lọ nìyẹn. Àmọ́ ká tiẹ̀ sọ pé iṣẹ́ náà dára. Diode nìkan lẹ yọ. Ẹ kò fọwọ́ kan ìyókù rédíò. Apá tó ń ti ìgbì jáde, àti fílítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí (ìgbì tí kò yẹ kó jáde) kúrò lára rẹ̀, bándì ham ni wọ́n ṣètò wọn fún. Bí ẹ bá ti rédíò náà dé 165 tàbí 172 MHz, agbára rẹ̀ lè jó rẹ̀yìn, ara rẹ̀ lè máa gbóná, ìdọ̀tí tó ń bá ohùn yín jáde sì lè pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, torí kò sí etí tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìwọ̀n nìkan ló ń fi í hàn. Òfin FCC sọ pé ní bándì mítà méjì, fún rédíò tí agbára rẹ̀ kò ju wáàtì 25 lọ, ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú mílíọ̀nù wáàtì kan. Wáàtì márùn-ún ni rédíò ọwọ́ sábà máa ń tì jáde. Ìdá kan nínú 200,000 rẹ̀ là ń sọ yìí.

Ọ̀rẹ́ yín lè sọ pé "bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, ṣé kò dára kí rédíò lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá?" Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ. Bí ọ̀ràn bá dé ní Nàìjíríà, 112 lẹ óò pè lórí fóònù. Ní Ìlú Ọba, 999 tàbí 112. Ẹni tó bá ṣàdédé jáde lórí ìlà àwọn agbófinró tàbí lórí 156.8 MHz, tí ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá ń lò fún ìpè ewu, wàhálà tirẹ̀ ló ń pè.

Ohun tó yẹ kí ẹ yí padà, inú mẹ́nù ló wà, kò sì gba irin gbígbóná. Rédíò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà máa ń fúnra rẹ̀ gbé àlàfo repeater (ìyàtọ̀ láàárín ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ àti ibi tí ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀) síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí ní Amẹ́ríkà: 600 kHz ní bándì mítà méjì, 5 MHz ní 70 cm. Ní Ìlú Ọba, 600 kHz yẹn ṣì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ní 70 cm, 1.6 MHz sókè ni èyí tó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá pa ètò aládàáṣe yẹn, ẹ óò máa gbọ́ gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ yín, ẹ óò sì rò pé èríàlì ló bàjẹ́. Ìṣísẹ̀ fíríkúẹ́ńsì náà wà níbẹ̀: ẹ fi í sí 12.5 kHz, torí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ ní 5 kHz kò ní tẹ 145.6125 láéláé. Ẹ yan narrow fún ohùn, kí ẹ má bàa máa da ìlà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín rú. Tone, ohùn ìdánimọ̀ tí repeater kọ̀ọ̀kan ń béèrè kó tó dáhùn, yàtọ̀ láti agbègbè sí agbègbè. Bí ẹ bá sì sọdá sí ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ lè bá èyí tó ṣì ń fẹ́ kí ẹ súfèé 1750 Hz sí i kó tó jí.

146.520 tí ẹ fi ń pe ara yín ní Houston kò sí nínú ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, 145.500 ni tiwọn, àti 433.500 ní 70 cm. Ẹni tí rédíò rẹ̀ ń fi APRS (ètò tó ń sọ ibi tí rédíò wà) ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí 144.390 lọ sí 144.800, torí ibi tí 144.390 bọ́ sí ní ẹkùn kìíní ni àwọn tó ń fi SSB, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan, wá ìgbì tó jìnnà wà, wọn kì í fi ẹnu rere kí ẹni tó bá ń pariwo níbẹ̀. Ọ̀kan tó máa ń ya àlejò lẹ́nu: láti 431 dé 432 MHz, àwọn ham kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láàárín kìlómítà 100 sí Charing Cross ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, àti ìlú tó yí i ká. Ẹ kó gbogbo èyí sínú memory kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ wá máa lo memory nìkan, kí ẹ má máa yí bọ́tìnnì kiri.

Bí rédíò yín bá lọ jẹ́ Baofeng UV-5R tàbí ìbátan rẹ̀, kò tiẹ̀ sí diode tí ẹnì kan fẹ́ yọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, láti 136 dé 174 àti láti 400 lọ sókè. Irú èyí, pípa ló yẹ ká máa sọ: ẹ fi sọ́fítíwíà CHIRP gbé ààlà sísọ̀rọ̀ rẹ̀ sí 144 dé 146 àti 430 dé 440.

Ó wá ku ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti le gan-an nìyí, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀rẹ́ yín kò mẹ́nu bà á. Ìwé Technician kò rékọjá òkun lọ sí Yúróòpù. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní CEPT T/R 61-01, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn mélòó kan níta fi gba ìwé ara wọn fún àbẹ̀wò tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Láti Amẹ́ríkà, Extra, ìpele ìwé àṣẹ tó ga jù, ló ń wọ inú ètò náà, àti Advanced fún àwọn tó ti ní in tipẹ́. General, ìpele tó tẹ̀ lé Technician, ń rí àyè ní àwọn orílẹ̀-èdè tó gba ìpele kékeré, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo ìwé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lọ. Technician kò sí níbì kankan nínú rẹ̀. Ohun kejì: ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni FCC ń jẹ́ kó lo àǹfààní yìí, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ̀rí pé ọmọ Amẹ́ríkà ni òun, àti ẹ̀dà ìkéde DA 16-1048 lọ́wọ́. Bí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, Extra nìkan kò tíì tó. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ bá pé fún yóò fi M/ ṣáájú callsign rẹ̀ ní England.

Ìdánwò Extra jẹ́ àádọ́ta ìbéèrè, 37 ni ẹ nílò láti yege, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la General kọjá. Mi ò ní kí ẹ má gbìyànjú rẹ̀ kí oṣù Kejìlá tó dé, àmọ́ ẹ má fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù dúró dè é.

Kí lẹ wá lè ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ yín? Ẹ lè gbọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè gbọ́ rédíò ham níbẹ̀ láìní ìwé àṣẹ. Ẹ sì lè wá ẹgbẹ́ ham tó wà ládùúgbò ẹ̀gbọ́n yín: onílé tó ní ìwé àṣẹ lè gbé rédíò tirẹ̀ fún yín kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí callsign tirẹ̀, bó bá dúró tì yín. Àwọn ham fẹ́ràn àlejò. Wọ́n á fún yín ní tíì pẹ̀lú.

Ti Ìbàdàn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nàìjíríà kò sí nínú ètò CEPT, nítorí náà Extra pàápàá kò fún yín láṣẹ níbẹ̀. NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, callsign wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Ẹ kọ̀wé sí wọn báyìí, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé. Kí ẹ sì kàn sí ẹgbẹ́ NARS, ẹgbẹ́ àwọn ham Nàìjíríà, torí àwọn ló mọ ọ̀nà inú ọ́fíìsì yẹn. Bí ìwé náà kò bá tíì jáde, èrò tèmi ni kí ẹ fi rédíò sílẹ̀ ní Houston. Lásìkò tí ọ̀rọ̀ ààbò gbóná báyìí, ẹni tó di wọ́kì-tọ́kì elérìáàlì gígùn mú lójú títì Ìbàdàn láìní ìwé kankan yóò ṣàlàyé títí. Kó má tún wá jẹ́ rédíò tí wọ́n ti tú nínú, tó lè sọ̀rọ̀ níbi gbogbo! Bí ẹ bá sì fẹ́ yà sí Kútọnu, ìwé tiwọn lọ́tọ̀ ni.

Bí ìwé bá bọ́ sí i, ẹ má retí repeater púpọ̀ bíi ti Houston. Ẹ gbìyànjú 145.800 MHz nígbà tí ilé òfurufú ISS bá ń kọjá lórí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ohùn àwọn tó wà nínú rẹ̀ máa ń gbà wá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀.

Ní ti wọ́kì-tọ́kì àwọn ọmọ: ẹ wo ara páálí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ FRS (wọ́kì-tọ́kì ìdílé ti Amẹ́ríkà), orí 462 àti 467 MHz ló wà, àwọn mìíràn ló ni ibẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ẹ dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ra PMR446, irú tiwọn ní Yúróòpù, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò béèrè ìwé àṣẹ, ìdajì wáàtì ni agbára rẹ̀, àwọn ọmọ kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ má sì gbé PMR446 náà padà wá fún ọmọ aládùúgbò ní Houston, torí àárín bándì ham yín ló wà níbẹ̀.

Bátìrì àfikún, inú báàgì ọwọ́ ni, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù, kí ẹ fi téèpù bo ojú irin rẹ̀. Bátìrì 7.4 V tó jẹ́ 1800 mAh kò tó Wh 14, 100 Wh ni ààlà, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ yín nítorí ìtóbi. Ṣájà ló yẹ kí ẹ fojú sí. Ẹ yí i padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: bí ó bá kọ 100–240V, ẹ kàn nílò orí píláàgì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn jọ ń lò. Bí 120V nìkan ló wà níbẹ̀, iná 230V yóò jó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ wá òmíràn kí ẹ tó di ẹrù.