Owó orí lórí ọtí ẹlẹ́rìndòdò: àpò ta ni ó ń wọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí à ń pè ní sucrerie níhìn-ín, ni mò ń tà ní Kétu ní ilẹ̀ Benin. Ọmọ mi tó wà ní Èkó sọ pé ìjọba ń gba owó orí lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún nítorí àtọ̀gbẹ àti ìlera ará ìlú, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ní owó lásán ni ìjọba ń wá. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ tiwọn. Láti ọdún 2022 ni Nàìjíríà ti ń gba náírà 10 lórí lítà kan, ṣùgbọ́n lítà ni òfin náà ń wọ̀n, kì í wọn ṣúgà tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó bá rọra dín ṣúgà tirẹ̀ kù kò rí ẹ̀dínwó kankan gbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ohun mímu tí ṣúgà rẹ̀ kò tó gíráàmù 5 nínú mìlílítà 100 kì í san án rárá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ti dín ṣúgà kù kí ọjọ́ náà tó pé.

Ní ti èrò ará ìlú, lójú tèmi, ibi tí owó náà ń lọ ló ń bí wọn nínú ju iye rẹ̀ lọ. Ní ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú ló fi ìbò gbà á ní ọdún 2014, nǹkan bí ẹni 3 nínú 4, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ tó ń dámọ̀ràn bí a ṣe lè ná owó náà fún ìlera. Ní Cook County, níbi tí Chicago wà, àìtó owó ìjọba ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ariwo oníṣòwò àti oníbàárà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fagi lé e kí ọdún náà tó parí. Ẹ wò ó, àwọn oníbàárà yín kọ́ ló kọ́kọ́ fura.

Ọ̀rọ̀ Kétu tún ní tirẹ̀, nítorí pé ẹnubodè kò jìnnà sí wa: bí owó orí ìhà kan bá wọ́n ju ti ìkejì lọ, alùpùpù ni yóò máa gbé páálí ìgò kọjá lóru.