Ìbéèrè Yín Lórí Kámẹ́rà: Shutter Kọ́ Ni Ká Fi Lé Oòrùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń ya fọ́tò fún ọdún mẹ́rin, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fídíò ni. Mo ya àwọn ọmọ tó ń sáré ìje lọ́sàn-án gangan. Àwòrán mọ́ kedere, àmọ́ ìrìn ẹsẹ̀ wọn kò ṣàn. Ńṣe ló ń já, bí ẹni pé ẹnì kan gé nǹkan kúrò láàárín. Fíréèmù 25 (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo lò, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 100, aperture (ihò lẹ́ǹsì) f/2.8, shutter (àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé) 1/3200 ìṣẹ́jú àáyá. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò, ìwà ayàfọ́tò lo gbé wọ inú fídíò. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ fídíò àkọ́kọ́ tí mo gbowó rẹ̀, shutter 1/1000 ni mo fi yà á délẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi bi mí bóyá tẹlifíṣọ̀n òun ló ń ṣe ségesège. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ yẹn ṣì ń tì mí lójú.

Nínú fọ́tò, a fẹ́ kí ẹsẹ̀ asáré dúró gbọn-in. Fídíò kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń kọjá gbọ́dọ̀ rí bàìbàì díẹ̀ nínú fíréèmù kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ojú wa ti ń rí ohun tó fi so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ní 1/3200, fọ́tò 25 tó gan pa lo tò tẹ̀ lé ara wọn.

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ shutter tó bójú mu ni ìlọ́po méjì iye fíréèmù: 1/50 fún 25, 1/60 fún 30, 1/100 fún 50. Ayé kámẹ́rà fíìmù ni ìlànà yìí ti wá. Àwo kan tó rí róbótó ló ń yí níwájú fíìmù, ìdajì rẹ̀ ṣí, ìdajì dí, nítorí náà ìdajì àsìkò fíréèmù kọ̀ọ̀kan ni ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé.

Mo mọ ohun tí o máa sọ: bí mo bá fi í sí 1/50, gbogbo rẹ̀ á funfun báláú. Òótọ́ ni, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti di ìlọ́po 64. ISO rẹ kò sì lè rẹlẹ̀ mọ́. O lè pa aperture dé f/22, á bá a dọ́gba, ṣùgbọ́n gbogbo pàǹtírí tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ náà á mọ́ kedere, àwòrán fúnra rẹ̀ á sì rọ̀, torí ihò lẹ́ǹsì ti kéré jù. Jígí dúdú tí à ń fi síwájú lẹ́ǹsì, tí à ń pè ní ND, lo nílò. ND64 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 64 wọlé, ohun tó ń dà ọ́ láàmú gẹ́lẹ́. ND tí wọ́n ń fọwọ́ yí kó lè ṣú sí i tàbí kó mọ́ sí i wà pẹ̀lú. Mo ní ọ̀kan fún ọjọ́ ìkánjú, àmọ́ bí o bá yí i jù lórí lẹ́ǹsì tó fẹ̀, òjìji tó rí bí àgbélébùú á hàn lójú ọ̀run.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ń ya ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú yàrá. Bí mo bá ti gbé ìwé funfun sókè báyìí, ojú mi á ṣú nínú fídíò. Bí mo bá gbé e wálẹ̀, á tún mọ́. Ìlà dúdú kan sì tún ń rìn kọjá nínú àwòrán.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀ o, mà. Kámẹ́rà yín ló ń dánú rò. Ó rí ìwé funfun, ó ní ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ló bá dín in kù. Ẹ gbé e kúrò lórí auto, ẹ fi sí M (ibi tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín yan gbogbo rẹ̀), kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lójú ara yín, kì í ṣe lójú ìwé.

Iná ló ń fa ìlà yẹn. Níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50 Hz (ìyípo 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), gílóòbù ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ lo shutter 1/50 tàbí 1/100. Bó bá jẹ́ 60 Hz, 1/60 tàbí 1/120. Bí ó bá ṣókùnkùn, ẹ gbé ISO sókè láìbẹ̀rù. Mo fara mọ́ àwòrán tí ISO gíga fún ní èérún díẹ̀ ju èyí tó dúdú, tí a ń fi kọ̀ǹpútà fà sókè nígbà tó yá. Ìyẹn ló ń burú jù.

Ìbéèrè: Fídíò mi dára lójú kámẹ́rà, ó dúdú nílé. Èé ṣe?

Ìdáhùn: Ojú kámẹ́rà rẹ lo tan iná rẹ̀ jù. Má gbára lé e mọ́. Tan zebra, àmì inú kámẹ́rà tó ń kìlọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, fi sí 100; ibi tí ìlà abilà bá ti yọ ti ń fẹ́ funfun kọjá àtúnṣe. Bí ó bá yọ níwájú orí ẹni tí o ń yà, pa aperture díẹ̀. Bó bá jẹ́ gílóòbù ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni, fi í sílẹ̀.