Kí ẹ tó fọwọ́ sí owó ilé ìgbafẹ́ àti ìlera akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ fara mọ́ àfikún owó tí àwọn aláṣẹ yunifásítì yín fẹ́ gbà láti fi kọ́ ilé ìgbafẹ́ àti ìlera tuntun. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó bójú tó kíkọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá, mo sì tún wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn àlejò pàtàkì ti gé ríbọ́ọ̀nù tán. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun títí wọn yóò fi gbé iye tí ilé náà yóò máa ná lọ́dọọdún síwájú yín, nítorí owó ìkọ́lé máa ń rí olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú kì í rí ẹni tí yóò bá a gbé e. Òfin ọdún 2011 tí ó dá TETFund, àjọ ìjọba tí ń fi owó ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, sílẹ̀ dárúkọ ilé àti ohun èlò fún ìkọ́ni. Kò dárúkọ dísẹ́ẹ̀lì.

Ẹ mú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè fún. Adágún tí ó gùn ní mítà 25, tí ó fẹ̀ ní mítà 12 àbọ̀, tí ó sì jìn ní mítà kan àbọ̀, yóò gba omi tí ó ju 460,000 lítà lọ. A gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀rọ sẹ́ omi náà, kí á sì máa yẹ kẹ́míkà inú rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ìjọba sọ iná àwọn tó wà ní Ìpele A, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, di náírà 225 fún yúnìtì kan, ẹ̀rọ kílówáàtì 5 tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 lójúmọ́ ń jẹ iná tí owó rẹ̀ ju 11,000 náírà lọ, kí ẹnikẹ́ni tó tan gílóòbù kan ṣoṣo. Tiwa di àwọ̀ ewé láìpẹ́ ọjọ́, ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni ó sì gbádùn rẹ̀.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fi sílẹ̀ ni pápá básíkẹ́ẹ̀tì tí a fi òrùlé bò láìmọ ògiri yí i ká, nítorí pé òjò kò lè lé wọn, ooru kò sì lè há wọn mọ́. Pápá náà gùn ní mítà 28, ó sì fẹ̀ ní mítà 15, òrùlé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga ju mítà 7 lọ kí bọ́ọ̀lù má bàa máa gbá irin. Agbaṣẹ́ṣe bẹ̀ wá pé kí á rẹ òrùlé sílẹ̀ díẹ̀ kí irin má bàa wọ́n wa, a kò gbà. Ní ti yàrá eré ìmárale, ayàwòrán ilé fi gíláàsì yí i ká (mo gbà pé ó dára nínú àwòrán), ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, kò sí ẹni tí ó lè fara da ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olùgbaninímọ̀ràn ni ó dùn mí jù. Wọ́n fi yàrá rẹ̀ sí iwájú, ní ojú gbogbo àwọn tí ń wọlé wá ṣe eré ìmárale, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí ìrònú bá bá kì í fẹ́ kí ojúgbà rẹ̀ rí òun níbẹ̀. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn mìíràn sí ẹ̀yìn, ní ọ̀nà ilé ìwòsàn, ni àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹ tún bi wọ́n léèrè wákàtí tí yóò jẹ́ ti àwọn obìnrin nìkan, àti bóyá iná yóò wà lójú ọ̀nà láti ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀ ní alẹ́, nítorí àwọn ọmọbìnrin wa kì í lọ síbi tí wọn yóò ti gba inú òkùnkùn padà.

Bí wọ́n bá gbé ìwé ìnáwó náà wá, ẹ rí i pé àkáǹtì ọ̀tọ̀ wà fún ìtọ́jú, kí aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ sì máa rí ìṣirò rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá rí i gbé wá, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi òrùlé bo pápá tí ẹ ti ní.