Ajá tí ẹ̀rù ń bà: ta ni kí a gbé e fún?

Lẹ́tà mẹ́rin la dáhùn lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ajá sì ni gbogbo wọn. Ti àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, torí òun ló ṣòroó yanjú jù.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ran wọn lọ́wọ́ nílé ìtọ́jú ajá kan ládùúgbò wa. Abo ajá kan wà níbẹ̀, oṣù 8, ajá ilẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní ekuke. Àwọn tó wá wò ó ò mú un lọ. Béèyàn bá sún mọ́ kéèjì, á ká jọ sí igun. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, á tọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní ká má sọ fáwọn tó ń bọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, pé tó bá délé á yípadà. Kí lẹ rí sí i?
*Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú*

Ẹ má fi pa mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi irú ajá bẹ́ẹ̀ tàn kì í pẹ́ dá a padà, ẹ̀rù tí ajá náà á sì gbé dé á ju èyí tó gbé lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, bó ṣe ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà á, àti ohun tó ń jẹ́ kí ara rẹ̀ rọlẹ̀, àwọn gan-an ni kí ẹ kọ síta. Ilé tó bá irú rẹ̀ mu kò pọ̀, àmọ́ ìkéde tó sọ òótọ́ ló ń wá wọn rí.

Kí dókítà ẹran kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àìsàn tí eégbọn ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ ajá máa ń mú kó ká jọ sójú kan, kó má fẹ́ rìn, kó má fẹ́ jẹun, tí ẹ ó fi rò pé ẹ̀rù ni. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá aràn wà níbẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ẹsẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ wò bóyá ó ń dùn ún.

Ti ìtọ̀ yẹn, kì í ṣe ìwà ọ̀bùn, kì í sì ṣe àgídí. Bí ọmọ ajá ṣe ń sọ fún ẹni tó jù ú lọ pé "mo túúbá" nìyẹn. Bí ẹ bá jágbe mọ́ ọn, ìtọ̀ á pọ̀ sí i, torí lójú tirẹ̀ túúbá òun kò tíì tó. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ jókòó, kó wá bá yín fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń dàgbà.

Gbogbo èèyàn ló máa ń ní "wọ́n ti nà án rí ni." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ajá tí ẹ̀rù ń bà, èèyàn kò nà wọ́n. Wọn ò rí èèyàn tó lásìkò tó yẹ ni. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 tí wọ́n bí ọmọ ajá ló ń kọ́ àwọn ohun tí kì í ṣe ewu: ọmọdé tó ń sáré, ọkùnrin onífìlà, agboòrùn, ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀. Èyí tí kò bá pàdé nígbà náà, ó lè máa sá fún un lẹ́yìn náà. Ó ṣì lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n oṣù lẹni tó bá gbà á máa kà, kì í ṣe ọjọ́.

Iṣẹ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí nìyí. Ẹ se ẹ̀dọ̀ adìẹ láìfi iyọ̀, magí tàbí alùbọ́sà sí i (alùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́), kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà. Kí ẹni tí ajá náà kò mọ̀ jókòó lórí àpótí, kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kó jìnnà débi tí ajá ṣì ti lè jẹun. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, ó lè jẹ́ 20. Ajá ló máa sọ. Kó wá máa ju ẹran náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ajá, kó má jù ú síwájú rẹ̀. Ajá á yíjú padà, á lọ mú un, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́ torí ó ti kúrò nítòsí àlejò. Lẹ́yìn náà á tún rọra padà wá wò ó bóyá òmíràn ń bọ̀. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó tó. Ibi tó ti sábà máa ń dàrú ni pé àwọn èèyàn á na ẹran sí i lọ́wọ́. Ọ̀fun á fà á sún mọ́ wọn. Bó bá ti gbé ẹran mì tán, á wá rí i pé ẹsẹ̀ àlejò ni òun dúró sí, àyà rẹ̀ á já, ibẹ̀ ni ìgéjẹ ti ń wáyé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wá wò ó bá a nínú kéèjì. Ajá mẹ́wàá ń gbó lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn dúró gàgàrà síwájú irin, òun kò sì ríbi sá sí: ta ni ara rẹ̀ máa balẹ̀ níbẹ̀? Ẹ mú un lọ sí àgbàlá, kí ajá mìíràn tó níwà pẹ̀lẹ́ bá a lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àlejò ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Kó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, kó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹni tí ìyẹn bá ti sú, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ẹ yà á ní fọ́tò lóde ní àárọ̀, kí ẹ lóṣòó kí kámẹ́rà bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má gbá a mọ́ra; funfun ojú ajá tí ẹ̀rù ń bà máa ń yọ bí wọ́n bá dì í mú, ẹni tó ń wo fọ́tò náà á sì rí i. Ìkéde yín lè lọ báyìí:

"Abo ajá ilẹ̀ wa, oṣù 8, kílò 11. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti parvo (àìsàn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ajá), wọ́n sì ti yọ ilé ọmọ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, tó bá tó ogún ìṣẹ́jú á wá gbóòórùn bàtà yín. Ó fẹ́ràn ajá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń sá fún ọ̀kadà àti ẹni tó bá dìde lójijì. Kì í ṣe ajá ìṣọ́lé. Ilé tó ní ọgbà gíga là ń wá fún un, tí ọmọdé tí kò tó ọdún 10 kò sí níbẹ̀, tí ẹnì kan sì máa ń wà nílé lọ́sàn-án."

Ẹ kọ ohun tí ẹ fojú ara yín rí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó ń bọ́ ọ máa kọ ọ́ sínú ìwé: ta ló wá, báwo ló ṣe jìnnà tó kí ajá tó dúró gbagidi, ó tó ìgbà wo kó tó tún jẹun. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mú ọ̀rọ̀ ìkéde.

A tẹnu mọ́ "kì í ṣe ajá ìṣọ́lé" torí pé ajá tó máa lé olè ni ọ̀pọ̀ ń wá wá. Ajá tí ẹ̀rù ń bà máa ń gbó lóòótọ́. Ohun gbogbo ló ń gbó mọ́. Wọ́n á wá fi ṣéènì so ó mọ́dìí géètì kó lè ṣiṣẹ́. Ajá tó ń bẹ̀rù tí kò lè sá, ẹnu rẹ̀ ló kù tó máa fi gbèjà ara rẹ̀, ọmọ aládùúgbò tàbí mégáàdì ló sì máa gé jẹ.

Ẹ bi ẹni tó ń bọ̀ léèrè: ajá tí ẹ ní kẹ́yìn, kí ló ṣe é? Níbo ni èyí máa sùn? Ta ni yóò máa bọ́ ọ bí gbogbo yín bá lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì? Bó bá kùn sí yín, kí lẹ máa ṣe? Ẹni tó bá dáhùn ìkẹyìn yìí pé "màá fi pàṣán kọ́ ọ lọ́gbọ́n," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sìn ín jáde. Lẹ́yìn náà ẹ dé ilé wọn. Ọgbà tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó lè fò ó. Ẹ wo abẹ́ géètì: ihò tí orí rẹ̀ bá ti gbà, ara rẹ̀ lè gbà á. Ilé oníyàrá ojúkojú tí ẹsẹ̀ kì í dá lọ́dẹ̀dẹ̀ kò yẹ ẹ́, bó ti wù kí onítọ̀hún lójú àánú tó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí àwọn èèyàn ń tijú láti sọ. Ajá ni Ògún ń jẹ, àwọn ibì kan sì wà nílẹ̀ wa, bí ìhà Oǹdó, tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ajá. Ẹni tó ń wá ajá fún ìyẹn mọ ọjà tó ń lọ, ìjà ò sí láàárín àwa àti òun. Àmọ́ bí ẹ bá ń fi ajá tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà á ya ọ̀dọ̀ yín. Ẹ gba owó tó tó owó abẹ́rẹ́, ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kí àwọn tó fẹ́ fi í bímọ tà má bàa dá yín láàmú. Ẹni tó bá béèrè bó ṣe sanra tó, tí kò béèrè ohun tó ń jẹ, ẹ fura sí i. Kí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò, kó sì wà nínú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí pé bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀dọ̀ yín ni ajá ń padà sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo gba akọ ajá ọdún kan láti ilé ìtọ́jú. Ẹ̀yìn dírọ́ọ̀mù omi ló wà, alẹ́ nìkan ló ń jẹun. Àbúrò mi ní ká fà á jáde ká wẹ̀ ẹ́, torí ó léégbọn.
*Bàbá Ṣadé, Mọ́níyà, Ìbàdàn*

Ẹ má fà á. Ajá tó ń jẹun lálẹ́, tó sì ń mu omi, ń fi etí kọ́ ilé yín ni. Àwọn tó ń tọ́ ajá máa ń sọ pé ọjọ́ 3 láti rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 láti mọ ìṣe ilé, oṣù 3 kó tó gbà pé ilé òun ni. Ti ajá tí ẹ̀rù ń bà sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da àpótí pákó kan dé síbi tó pa rọ́rọ́, kí ẹnu kan ṣí sílẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀. Ẹ máa sún àwo oúnjẹ síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́jọ́ méjì méjì. Oúnjẹ tó ń jẹ nílé ìtọ́jú ni kí ẹ fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ọjọ́ 7, kí inú rẹ̀ má bàa ṣí. Bí kò bá jẹun rárá fún ọjọ́ méjì, tàbí tó ń bì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Parvo kì í dúró.

Ìwẹ̀ lè dúró. Eégbọn, dókítà á wọn ajá, á fún yín ní oògùn tó bá kílò rẹ̀ mu. Ẹ má fi ọ̀tapíàpíà pa á lára. Oògùn inú rẹ̀ ń gba ara wọlé: itọ́ á máa da lẹ́nu ajá, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á fún pinpin, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú tí àwọn kan ń fi pa ara ajá tí awọ rẹ̀ ń yún náà, májèlé ni, torí ajá á lá a.

Ẹ fún un lórúkọ kúkúrú. Orúkọ tí ẹ fẹ́ fi pòwe sí aládùúgbò, ẹ fi sílẹ̀ fún ajá tí ara rẹ̀ le.

Ní ti sísá lọ, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló léwu jù. Okùn méjì ni kí ẹ fi mú un jáde, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lára bẹ́líìtì tó gba àyà, torí ajá tó bá ń rìn sẹ́yìn á bọ́ orí kúrò nínú ti ọrùn. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí ń gbọ́, ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kó dáhùn. Bó bá sá, ẹ má lé e. Ẹ gbé oúnjẹ àti aṣọ tó ń sùn lé sẹ́nu géètì, ẹ ṣí i sílẹ̀ díẹ̀, kí ilé dákẹ́. Ní ìdájí, nígbà tí òpópónà bá dá, ni ọ̀pọ̀ wọn ń rìn padà.

Kí December tó dé, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa bángà. Yàrá àárín ilé, fèrèsé títì, rédíò tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan sì jókòó tì í. Kò sí òótọ́ nínú pé bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ẹ̀rù náà á pọ̀ sí i. Ẹ má fún un ní oògùn oorun èèyàn, ẹ má sì fún un ní paracetamol.

Wọ́n kọ̀ mí nílé ìtọ́jú ajá méjì ní London torí mò ń gbé fúláàtì, mo sì lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ṣé torí pé a jẹ́ àlejò ni?
*Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham*

A ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, àmọ́ ìdí méjèèjì tí wọ́n sọ yẹn wọ́pọ̀, pàápàá fún ajá tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù kí ẹ tó padà lọ, kí ẹ sì béèrè ajá àgbà tó ti bá ọmọdé gbé rí. Bó bá jẹ́ ajá tí wọ́n kó wá láti Romania, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò Brucella canis, kòkòrò àìsàn ajá tó lè ran èèyàn. Láti 6 April 2016 ni òfin ti ní kí ajá máa ní microchip, ẹ̀rọ bíńtín onínọ́mbà tí wọ́n ń tì sábẹ́ awọ rẹ̀. Ẹ rí i pé orúkọ àti àdírẹ́sì yín ló wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi nọ́mbà rẹ̀ sí, kí orúkọ àti àdírẹ́sì sì wà lára bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ níta. Ẹ má mú un wálé nígbà tí 5 November bá ku ọ̀la, bángà tiwọn nìyẹn.

Ajá tí a gbà ń kùn bí ọmọ mi bá dé ìdí àwo rẹ̀. Ṣé ká nà án?
*Ìyá Bọ́lá, Abẹ́òkúta*

Rárá. Kíkùn ni ìkìlọ̀ tó ní. Bí ẹ bá fi igi gba ìkìlọ̀ lẹ́nu rẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn á gé èèyàn jẹ láìkùn. Kó máa jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, kí ọmọ má dé ibẹ̀. Bí àgbà bá ń kọjá lọ, kó ju ẹran kan sínú àwo láti òkèèrè, kó má dúró. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi ata tàbí epo pa á, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kódà bí ajá ti gba abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ parí rẹ̀: ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ 3, lẹ́yìn ọjọ́ 7, àti láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Ẹ má pa ajá náà, ẹ má sì tú u sílẹ̀. Ọjọ́ 10 ni kí dókítà ẹran fi ṣọ́ ọ.