Wọ́n Ní Kí N Yọ Àwọn Ọmọ Ìyá Tápà Kúrò Nínú Ìwé Ẹbí

*Ẹ̀yin Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 46 ni mí, olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta níbí, èmi sì ni akọ̀wé ẹbí wa. A fẹ́ ta ilẹ̀ oko bàbá ńlá wa tó wà lọ́nà Ọbàdà. Ẹ̀ka mẹ́rin ló yẹ kó pín owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé tó kọjá, àbúrò bàbá mi pè mí sí yàrá, wọ́n ní kí n yọ orúkọ àwọn ọmọ Ìyá Tápà kúrò nínú ìwé kí lọ́yà tó wá gbà á. Wọ́n ní ẹrú ni ìyá ńlá wọn, pé ológun tó bí wa sílẹ̀ ló rà á, pé àánú la fi ń jẹ́ kí wọ́n máa bá wa jókòó. Màmá, èmi àti ọ̀kan nínú wọn jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà láti kékeré ni. Òun ló dúró tì mí ní ọsibítù nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi. Ṣé kí n sọ fún un? Nǹkan mìíràn tún ń dà mí láàmú: èmi fúnra mi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ìlú àwọn tó sá fún oko ẹrú ni Abẹ́òkúta. Ṣé àwa náà tún ra ènìyàn ni?*

*Akọ̀wé Ẹbí, Abẹ́òkúta*

Akọ̀wé, má yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo fi èyí ṣáájú kó má baà jẹ́ pé wọ́n á ti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ kí o tó kà mí dé ìsàlẹ̀.

Ìbéèrè tí o fi gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló gbé èyí tó kù dání. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, a ra ènìyàn. Ohun tí o ń kọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe irọ́, àbọ̀ ni. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ogun ti fọ́ ìlú wọn, wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ wọn tà sí etí òkun. Láti bí 1839 ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú omi, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. O mọ ìtàn Àjàyí Crowther: wọ́n kó òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n yà wọ́n, ó di 1846 kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn, Abẹ́òkúta níbí sì ni. Ìtàn yẹn ò já sí irọ́ níbì kankan.

Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà tí ìyá àti ọmọ ń dì mọ́ra, ẹrú kún agbo ilé àwọn ológun wa. Àwa náà ń jagun, a sì ń kó ènìyàn bọ̀. A ta àwọn kan sí etí òkun, a fi àwọn kan sóko. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wá dínà òwò ẹrú lójú òkun, tó jẹ́ epo pupa àti òwú ni òyìnbó ń rà, ta lo rò pé ó ń gun ọ̀pẹ? Ta ló ń fọ́ ẹyìn, tó ń ru epo lọ sétí odò Ògùn? Àwọn ẹrú ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ológun tó bá ní ọwọ́ púpọ̀ nílé ló lè dá oko tó gbòòrò. Nítorí náà, bí bàbá ńlá yín bá jẹ́ ológun tó ra ènìyàn lóòótọ́, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ọwọ́ Ìyá Tápà àti àwọn bíi tirẹ̀ ló ṣán igbó ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tà yìí. Àbúrò bàbá rẹ rántí pé wọ́n rà á. Wọn ò rántí iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún.

Kì í sì ṣe ológun nìkan. Tinúbú, tí wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864 nítorí ipa tó kó nínú ogun Dahomey, òwò ẹrú wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọbìnrin mi, síbẹ̀ mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún wọn. Àwọn onígbàgbọ́ ńkọ́? Ní ìparí àwọn ọdún 1870, Àlùfáà James Johnson, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Holy Johnson, wá ṣe alábòójútó iṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ oníwàásù ìjọ Áńgílíkà, níbí, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ àti ọmọ ìjọ tú ẹrú àti ìwọ̀fà wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di wàhálà. Ẹni tó gba ara Olúwa láàárọ̀ Ìsinmi, ẹrú ló ń bá a ru igbá lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú Johnson kúrò.

Bó ṣe tán kò ní ọjọ́ kan pàtó. Àwọn kan sá lọ sí Èkó lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀ ní 1861. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú tó sá lọ yìí sì wà lára ohun tó bí Ẹ̀gbá nínú sí ìjọba Èkó, ká tó wá fọ́ ilé àwọn òyìnbó oníwàásù ní 1867. Àwọn mìíràn rí iṣẹ́ olówó nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ní 1916 ìjọba amúnisìn ṣe òfin pé kò sí ẹni tí a lè kà sí ẹrú mọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò lọ síbì kankan. Níbo ni wọn ìbá padà sí, ìlú tí ogun ti jó? Wọ́n dúró nílé, wọ́n fẹ́ ọmọ ilé, wọ́n jẹ́ orúkọ ilé, wọ́n mọ oríkì ilé ju àwọn tó nilé lọ. Àwọn ọmọ wọn ló ń bá yín ṣèpàdé. Òfin 1916 ò sì lè wọ yàrá tí àbúrò bàbá rẹ pè ọ́ sí.

Ó yá, ká wo ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní ẹrú ni. Mo gbà fún wọn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀; ọ̀pọ̀ Tápà tó dé ọ̀dọ̀ wa láyé ìgbà yẹn kì í ṣe pé wọ́n wá kí wa. Àmọ́ ọmọ ta ló bí? Bí ọkùnrin bá ra obìnrin tó sì fi ṣe aya, ọmọ tó bí fún un, ọmọ ilé ni, bí ti ìyàwó tí a gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Àṣà wa ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa. Àwọn àgbà ní ìbí ò ju ìbí, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ẹ̀ka mẹ́rin tí o kọ yẹn, mo fura pé ìyàwó mẹ́rin ni, ìdí igi lẹ sì ń pín, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ìpín kan. Ta ló kọ́kọ́ pín in sí mẹ́rin? Kì í ṣe ìwọ. Àwọn tó mọ Ìyá Tápà lójú, tàbí tó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ni wọ́n ka ìdí rẹ̀ mọ́ ìdí igi. Kí ni àbúrò bàbá rẹ wá mọ̀ tí àwọn wọ̀nyẹn ò mọ̀? Mo fẹ́ kí o bi wọ́n ní ìbéèrè yìí gan-an.

Ó tún lè jẹ́ pé ìwọ̀fà ni. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ẹni tó jẹ gbèsè fúnra rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ni: iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó dúró fún èlé, gbogbo owó náà sì wà lọ́rùn ẹbí rẹ̀ títí wọ́n á fi san án. Lẹ́nu àwọn ọmọ-ọmọ, ìwọ̀fà, ẹrú, àlejò, ẹni tí ogun Ìjàyè lé wá ní 1862, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan ṣoṣo, pàápàá tí owó bá wọ ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé arọ́ta ni, ẹrú tó di ará ilé, tí ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ti ológun yẹn rárá, ìyẹn le díẹ̀, torí a máa ní láti wo ẹni tó fún wọn nílẹ̀, ìgbà tí ó fún wọn, àti ohun tí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ láti ìgbà náà. Lọ́yà nìyẹn wà fún, kì í ṣe báírò akọ̀wé.

Òfin tiẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 42, ní a ò gbọdọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Nípa ilẹ̀ ẹbí, àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé títà tí olórí ẹbí ò sí níbẹ̀ kò dúró rárá, àti pé èyí tí olórí ẹbí dá ṣe láìgba ẹnu àwọn àgbà ẹ̀ka, àwọn tí a fò dá lè ní kí kóòtù wọ́gi lé e. Ẹni tó fẹ́ rà á kò ní fẹ́ gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sétí. Sọ èyí fún àbúrò bàbá rẹ. Bí ìtìjú ò bá dá wọn dúró, owó á dá wọn dúró.

Nípa ọmọ ẹ̀yìn Ìyá Tápà tí ẹ jọ dàgbà, o bi mí bóyá kí o sọ fún un. Ó ti mọ̀. Mo lè fi ọrùn mi dúró fún èyí. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í pamọ́ fún ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ sí: wọ́n á ti jù ú lù wọ́n lọ́jọ́ ìjà, ìyàwó ilé kan á ti fi kọrin ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ti tìtorí ẹ̀ kọ̀ láti fi ọmọ fún wọn. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́, torí o ò sí lápá ibi tó ń ta. Padà wo àwọn òde yín dáadáa. Ta lẹ máa ń ní kó dúńbú màlúù? Ta ló ń dáná di òru nígbà tí àwọn yòókù ti wọ aṣọ ẹbí jókòó? Nígbà tí ẹ ń wá ẹni tó máa joyè ilé, ṣé ẹnu ẹnikẹ́ni tiẹ̀ yà sí ẹ̀ka yẹn rí? Bí ìdáhùn bá ń bà ọ́ nínú jẹ́, jẹ́ kó bà ọ́ nínú jẹ́.

Nítorí náà, má lọ bá a láti lọ sọ pé ẹrú ni ìyá ńlá rẹ̀. Má sì lọ máa bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí ológun kan ṣe ṣáájú kí a tó bí bàbá rẹ. Ìwọ kọ́ lo rà á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù yìí ni kí o sọ fún un: "Wọ́n ní kí n yọ ẹ̀ka yín kúrò nínú ìwé, mi ò gbà, ẹ wá lọ́yà tiyín." Lẹ́yìn náà dákẹ́, kí o jẹ́ kó sọ tirẹ̀. Ó lè bínú sí ọ. Ó lè sọ fún ọ àwọn nǹkan tó ti ń gbé mì láti kékeré. Má ṣe ní kó ṣe sùúrù, má sì dárúkọ abọ́ tí ẹ jọ jẹun níbẹ̀.

Ti àbúrò bàbá rẹ, kúnlẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀, àgbà ni wọ́n. Sọ fún wọn pé: "Bàbá, gbogbo ẹbí ló buwọ́ lu ìwé yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ká yọ ẹ̀ka kan, ẹ dìde níwájú ìpàdé kí ẹ sọ ọ́, èmi á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́, màá kọ orúkọ yín sí i." Ohun tí wọ́n lè sọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀ tì, mi ò rò pé wọ́n á fẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíràn máa kà á lọ́la.

Ìjókòó tó ń bọ̀, ka orúkọ ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè bí o ṣe máa ń kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn á gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ rẹ, má bá wọn jà, kí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n lónìí, kí o tó sùn, fi fóònù rẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ìwé yẹn, láti èyí tí àwọn àgbà kọ́kọ́ kọ títí dé èyí tí ìwọ kọ kẹ́yìn, kí o sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.