Ṣé kí n yọ̀ǹda ara mi nínú ẹgbẹ́ tí ọmọ mi fẹ́ wọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 7, ojú sì máa ń tì í láàárín èrò. Mo fẹ́ kó wọ ẹgbẹ́ Scout ti àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n olórí ẹgbẹ́ ní àwọn ọmọ tó ń dúró de àyè ti pọ̀, àgbà ni kò tó. Ó wá bi mí bóyá mo lè yọ̀ǹda ara mi. Mi ò ṣe Scout rí, mi ò mọ okùn-ún ta. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí ọmọ mi bá ti rí mi níbẹ̀, ẹ̀yìn mi ni yóò máa sá sí. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọmọ kan

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ gbà fún wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ kéékèèké ṣe irú ẹgbẹ́ yìí, àìmọ okùn-ún ta kọ́ ni mo rí tó ń dà á rú. Àgbà tó wá lónìí, tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, tó tún ṣàdédé yọjú, òun ni. Ọmọdé máa ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá dá a lójú pé yóò wá ni yóò fọ̀rọ̀ lọ̀. Bí iṣẹ́ yín ò bá gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún olórí, kí ẹ má ṣèlérí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ti okùn, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ lẹ jọ máa kọ́ ọ. Ẹ gbé orí okùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún lé ti òsì, ẹ yí i gba abẹ́. Ẹ wá gbé ti òsì lé ti ọ̀tún, ẹ tún yí i gba abẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tún lẹ gbé lé òsì lẹ́ẹ̀mejèèjì, kókó náà á máa yọ̀ bí ẹ bá fà á. Ẹ máa rí ọmọ tó yọ ahọ́n síta, tó tẹjú mọ́ okùn, tó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "ọ̀tún lé òsì, òsì lé ọ̀tún." Ọwọ́ á máa yún yín láti bá a ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó tú u, kó tún un ta.

Ẹ má sì rò pé àjèjì ni obìnrin níbẹ̀. Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Scout sílẹ̀, kó ọmọkùnrin bíi 20 lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1907. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń tàn kálẹ̀, àwọn àbúrò náà ní àwọn fẹ́ ṣe, ni wọ́n bá dá ti àwọn ọmọdé, ìyẹn Cub, sílẹ̀ lọ́dún 1916. Ogun Àgbáyé Kìíní ti kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ nígbà náà, àwọn obìnrin sì dìde láti darí àwọn ọmọ. Vera Barclay wà lára wọn.

Ọmọ bíi 6 ló máa ń wà nínú ọ̀wọ́ Cub kan. Ẹ bẹ olórí kó fi ọmọ yín sí ọ̀wọ́ tí ẹlòmíràn ń mójú tó. Bó bá sá wá bá yín, ẹ má lé e, ẹ má sì tì í sáàárín eré. Ẹ fún un níṣẹ́: kó bá yín pín okùn, kó kó bọ́ọ̀lù jọ. Bó bá yá, òun fúnra rẹ̀ á gba ibẹ̀ wọ inú eré.

Ibi tí mi ò ti ní gbọ̀jẹ̀gẹ́ nìyí. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, wọ́n á béèrè ẹni tó mọ̀ yín, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wọ́n á tún wádìí yín lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ má bínú sí i. Ẹ má dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ níbi tí ojú ẹlòmíràn ò tó, ẹ má sì máa fi fóònù bá ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òbí rẹ̀. Olórí tí kò béèrè nǹkan kan, tó kàn ní kí ẹ máa bọ̀ lọ́la, ẹ má fa ọmọ yín lé e lọ́wọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ̀yin àti ọmọ wá wo ìpàdé kan tán. Ẹ fojú sí ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń ṣe bí ọmọ kan bá bú sẹ́kún.