Ẹ gbé tíì yẹn sílẹ̀ ná

Ìyá Ìyàwó, Ìlẹ́ṣà, ẹ ní kí n bá yín yan ọ̀kan nínú tíì tó ń fọ inú àti kẹ́tò (ìjẹun tó ń yọ iyán, gààrí àti ìrẹsì kúrò, tó wá fi ọ̀rá dípò), èyí tí yóò tètè mú ikùn yín wọlé kí ìgbéyàwó ọmọ yín tó wáyé lóṣù Kejìlá. Ẹ wá sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan pé ẹ ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, torí ẹni tó ta tíì ní yóò fọ gbogbo ìdọ̀tí ara. Ìlà kan péré! Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ léèsì lẹ bọ́ sí.

Ta ló ní kí ẹ dá oògùn dúró? Ẹni tó ń ta ewé lórí WhatsApp? Òṣómàáló ayé àtijọ́ pàápàá, ọjà ló kọ́kọ́ ń gbé sílẹ̀ kó tó lóṣòó gba owó. Tirẹ̀, owó ló kọ́kọ́ gbà.

Ẹ yẹ páálí yẹn wò. Bí senna bá wà níbẹ̀, ewé tó ń múni yàgbẹ́ ni. Omi ara lẹ ń yà dànù tí òṣùwọ̀n fi ń wálẹ̀. Ọ̀rá wà níbi tó wà. Ó tún lè gbọ́n potassium kúrò lára, bẹ́ẹ̀ òun ni ọkàn fi ń lù déédéé. Ẹ ní òòyì ń kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde ní ìsọ̀ yín ní Àtakúnmọ̀sà, ẹ wá ń pè é ní "tíì ń ṣiṣẹ́". Háà!

Kẹ́tò ńkọ́? Wárápá ni dókítà Russell Wilder ti Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, tìtorí ẹ̀ dá a lábàá ní 1921. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo ló fẹ́ sá fún iyán títí ọjọ́ alẹ́? Kí ọdún tuntun tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti padà sídìí odó.

Iyán ò ṣẹ̀ yín. Èyí tẹ́ ẹ ń jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ tẹ́ ẹ bá tọjà dé ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí ẹ̀, tí magí kún inú ẹ̀. Ẹ dín òkèlè kù sí ìdajì, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja gba àyè tó kù. Iyọ̀ odindi ọjọ́ kan ò yẹ kó tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan, magí sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ikùn yín ò ní tètè wọlé bí ẹ ṣe fẹ́.

Lọ́la, kí ẹ tó ṣí ìsọ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn Wesley Guild lọ. Ẹ mú páálí tíì àti sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn dání, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Bí nọ́ńbà tòkè bá tó 140 tàbí tìsàlẹ̀ tó 90, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìrí dókítà.